Ẹ Mú Maru, Ẹ Fi Ondol Sílẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ilé Kòríà

Fíìmù Kòríà ti gba pálọ̀ wa tán, ó wá ku kí ilé Kòríà náà gba pulọ́ọ̀tì. Lẹ́tà tó ń béèrè nípa hanok, ìyẹn ilé ìbílẹ̀ àwọn ará Kòríà, ti pọ̀ lórí tábìlì wa, láti Ìlọrin dé Òfà, Orò àti Ọ̀mù-Àrán. Méje la mú. A gé wọn kúrú díẹ̀, kí ẹ má bínú.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní pulọ́ọ̀tì kan ní Tánkẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ìyàwó mi fẹ́ ilé bíi ti Kòríà. Èmi fẹ́ ilé tí ọmọ mẹ́rin á máa sáré nínú rẹ̀ láìfọ́ nǹkan. Ayàwòrán ilé tí mo lọ bá ní kí n kọ́ ilé bí a ṣe ń kọ́ ọ, kí n wá fi òrùlé Kòríà dé e. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? — Bàbá Ọmọ Mẹ́rin, Tánkẹ̀

Bàbá Ọmọ Mẹ́rin, fìlà ni ayàwòrán yín fẹ́ dé fún ilé yẹn, kò sí ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo hanok láti ìsàlẹ̀. Wọ́n á fi òkúta gbé ilẹ̀ ilé ga ju àgbàlá lọ, òpó igi á dúró lórí òkúta, yàrá á wá tò ní ìlà kan yí àgbàlá ká. Madang ni wọ́n ń pe àgbàlá náà. Láàárín yàrá méjì ni pálọ̀ onípákó máa ń wà, daecheong: iwájú rẹ̀ ṣí sí àgbàlá gbayawu, ẹ̀yìn rẹ̀ ní fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Pákó tóóró tó wà níwájú àwọn yàrá yòókù, tí èèyàn ń jókòó lé kó tó bọ́ bàtà, ni toenmaru. Maru ni orúkọ gbogbo ilẹ̀ onípákó wọ̀nyí. Ẹni tó bá dàgbà sí agbo ilé àtijọ́ ní Ìlọrin, tí yàrá yí àgbàlá ká, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá, ti mọ ìdajì hanok láìdé Seoul.

Ìdajì kejì ni bí atẹ́gùn ṣe ń rìn. Àwọn ará Kòríà kì í sábà gbin nǹkan sáàárín madang. Yanrìn funfun ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni igi wà. Bí oòrùn bá ti pa yanrìn náà, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á gbóná, á gbéra lọ sókè. Afẹ́fẹ́ tútù abẹ́ igi á wá gba inú daecheong kọjá wá dípò rẹ̀. Orí pákó yẹn ni wọ́n ń sùn sí lọ́sàn-án ìgbà ooru. Ọ̀dọ̀ wa níbí, ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ẹ̀yìnkùlé: a ó da kọnkéré síbẹ̀ dé ẹsẹ̀ fẹ́ńsì, a ó gbé jẹnẹrétọ̀ lé e, a ó wá máa bi ara wa pé kí ló dé tí ooru ń wọlé. Ẹ gbin dóńgóyárò tàbí máńgòrò méjì síbẹ̀, kí ó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ní mítà 5 ó kéré tán.

Ní ti pulọ́ọ̀tì yín, ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní “kan” ní èdè Kòríà ni wọ́n fi ń wọn ilé níbẹ̀, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín òpó méjì. Ẹ mú kan kan ní mítà 3. Pulọ́ọ̀tì yín fẹ̀ ní mítà 15. Bí ẹ bá fi mítà 3 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mítà 9 ló kù, ó sì kéré jù fún ilé tó fẹ́ fi yàrá yí àgbàlá ká pátá. Ẹ jẹ́ kí ilé ní apá méjì péré, kí fẹ́ńsì ṣe ìyókù. Apá kan dábùú ẹ̀yìn, kan mẹ́ta: kan méjì fún daecheong, kan kan fún yàrá ẹ̀yin àti ìyàwó. Apá kejì gùn wá síwájú ní kan mẹ́rin: ilé ìdáná, yàrá ọmọ méjì, balùwẹ̀ àti sítọ̀. Kí yàrá jìn ní mítà 4.2, kí toenmaru jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90. Àgbàlá tó kù, pẹ̀lú mítà 3 tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, á fẹ̀ tó mítà 6.9 sí 12. Mítà 12 àti díẹ̀ á ṣì kù tí ẹ máa pín sí iwájú fún ọkọ̀ àti sí ẹ̀yìn fún igi.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ni kí ẹ má fi ojú Kòríà wò. Oòrùn ọ̀sán Seoul kì í kúrò ní gúúsù. Ní ìgbà òtútù, ó máa ń wálẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 29 ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì fẹ́ kó wọlé wá yá wọn lára. Ní Ìlọrin, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán wà ní oṣù Kejìlá, ní bíi dígírì 58. Tó bá di oṣù Kẹfà, àríwá ló bọ́ sí, ní dígírì 75. Nítorí náà, etí òrùlé yín gbọ́dọ̀ yọ níwájú àti lẹ́yìn. Fún ìhà gúúsù, ẹ fi gígùn etí òrùlé ṣe ìlọ́po 1.6, ẹ ó mọ ibi tí òjìji máa dé lára ògiri lọ́sàn-án oṣù Kejìlá. Etí tó yọ ní mítà 1.2 á ṣíji bo mítà 1.9. Bí etí náà bá ga ní mítà 2.7 sí ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 80 péré ní ẹsẹ̀ ògiri ni oòrùn á rí. Fèrèsé tó bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 90 ti bọ́. Ní ìhà àríwá, sẹ̀ǹtímítà 75 ti tó. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni etí òrùlé kò lè gbà sílẹ̀, torí oòrùn ibẹ̀ ń wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀. Ẹ fi apá gígùn yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, kí ojú rẹ̀ kọ àgbàlá, kí balùwẹ̀ àti sítọ̀ fara mọ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí balùwẹ̀ kò bá gbà, ẹ má yọ fèrèsé ńlá.

Eegun máa ń dun màmá mi ní àárọ̀ ọyẹ́. Mo gbọ́ pé ilẹ̀ ilé Kòríà máa ń gbóná láti abẹ́. Ṣé a lè ṣe é sí yàrá wọn? — Ọmọ Màmá, Orò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ondol nìyẹn. Iná ìdáná ni wọ́n ń dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, ooru àti èéfín á gba abẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kọjá, wọ́n á jáde ní ihò èéfín lódìkejì. Amọ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́ orí òkúta náà kí wọ́n tó lẹ ìwé olóròóró mọ́ ọn. Bí amọ̀ náà bá sán díẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, á yọ sínú yàrá. Nígbà tí àwọn ará Kòríà ń fi èédú oníhò, tí wọ́n ń pè ní yeontan, dá iná ondol, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sùn tí wọn kò jí. Páìpù omi gbígbóná ni wọ́n ń tẹ́ sínú ilẹ̀ ilé báyìí.

Àní, òtútù Seoul máa ń sọ omi di yìnyín. Ọyẹ́ Orò kò ju wákàtí díẹ̀ lọ ní ìdájí. Ẹ fún màmá ní yàrá tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, ẹ yọ táìsì kúrò lẹ́bàá ibùsùn wọn, ẹ tẹ́ pákó tàbí ẹní síbẹ̀, nítorí táìsì a máa fa ooru ẹsẹ̀ lọ. Kí fèrèsé ìhà àríwá ìlà-oòrùn ṣeé tì gbáà, ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Káfíńtà ni mí. Oníbàárà kan ní kí n ṣe toenmaru gígùn mítà 6, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 90. Ó ní wọn kì í kan ìṣó sí i. Báwo ni pákó ṣe máa dúró, kí sì ni mo máa ṣe sí ikán? — Káfíńtà, Ọ̀mù-Àrán

Ọ̀gá, òótọ́ ni oníbàárà yín sọ. Igi gígùn méjì ló ń gbé pákó, ojú ihò gbọọrọ wà lára wọn, pákó á ti orí méjèèjì bọnú ihò náà. Ìdí tí wọn kò fi kan ìṣó ni pé igi ń sún kì. Nígbà tí pákó bá ti gbẹ tán tí àlàfo yọ, wọ́n á gbá gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n á wá fi pákó kan kún un. Ọyẹ́ tiwa le ju tiwọn lọ lórí èyí. Bí pákó kọ̀ọ̀kan bá sún kì ní mìlímítà 3 péré, pákó 48 á fún yín ní àlàfo sẹ̀ǹtímítà 14. Ó ti ju pákó kan lọ.

Ohun tí ẹ máa rà: igi ínṣì 3 sí 4, mítà 6 lọ́nà méjì (ẹ lè so ó pọ̀ lórí òpó). Pákó tó nípọn ní ínṣì 1¼, tó fẹ̀ ní ínṣì 5. Ẹ ní kí ṣọ́ọ̀mìlì là á bẹ́ẹ̀ fún yín, torí pákó ínṣì 1 á máa mì lẹ́sẹ̀. Àárín igi méjèèjì jẹ́ mìlímítà 750. Ẹ gbẹ́ ojú ihò sí inú wọn ní jíjìn mìlímítà 15, kí ẹ gé pákó ní mìlímítà 775, kí ó lè ní àyè díẹ̀. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 kan á fún yín ní mẹ́rin. Pákó 12 ló tó, ẹ ra 14.

Ní ìpẹ̀kun kan, ẹ gé ètè òkè ojú ihò náà kúrò lára igi méjèèjì, ní fífẹ̀ pákó kan. Ibẹ̀ lẹ ó máa ju pákó sí, tí ẹ ó máa tì í lọ síwájú títí yóò fi kún. Ètè tí ẹ gé yẹn, ẹ fi síkúrù dá a padà, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pa. Ibẹ̀ lẹ máa ṣí lọ́dún tó ń bọ̀ tí ọyẹ́ bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ikán ńkọ́? Òpó kúkurú kọnkéré ni kó gbé igi méjèèjì, ní gbogbo mítà 1.5, mẹ́wàá lápapọ̀. Kí wọ́n ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, kí orí pákó lè dé nǹkan bíi 40, gíga tí àgbàlagbà lè jókòó lé láìgbá ìdí. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ dé páànù tó yọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 yípo, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ sísàlẹ̀. Páànù yẹn kò pa ikán. Ó ń fipá mú un kó gba ìta kọ́ ọ̀nà amọ̀ rẹ̀, kí ẹ lè rí i, kí ẹ sì fọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù dí iwájú abẹ́ rẹ̀ pa. Ẹ lo inú pupa ìrókò tàbí apá. Ara funfun ẹ̀gbẹ́ ìrókò, ikán ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀wà, arère kò sì dára fún ibẹ̀ rárá. Ojú ibi tí ẹ gé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi oògùn ikán kùn, ìgbà méjì, ibẹ̀ ló ń fa omi jù.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ba iṣẹ́ yìí jẹ́ lójú ẹsẹ̀ ni pákó tí wọ́n là lánàá. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi wẹ́wẹ́ ya ọ̀kan kúrò lórí ìkejì, kí atẹ́gùn gba àárín rẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

A ti ṣe àgbàlá sáàárín ilé wa, mítà 5 sí 6. Ó rẹwà lẹ́ẹ̀rùn. Òjò ńlá àkọ́kọ́, omi wọ pálọ̀. — Ìyá Ilé, Òfà

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó wọlé. Àgbàlá yín jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 30. Ẹ ní òrùlé tó ń da omi sínú rẹ̀ tó 60. Mítà 90 nìyẹn. Bí òjò mìlímítà 60 bá rọ̀ láàárín wákàtí kan, lítà 5,400 ló ń wá ọ̀nà àbájáde. Páìpù ínṣì 4 kan tó dagun dáadáa á kó o lọ. Ẹ fi páìpù kejì kún un fún ọjọ́ tí ewé bá dí àkọ́kọ́.

Ẹ kọ̀wé pé sẹ̀ǹtímítà 5 ni pálọ̀ fi ga ju àgbàlá lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn wà. Hanok kì í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí pèpéle òkúta tí wọ́n ń pè ní gidan ló wà, omi etí òrùlé sì máa ń já bọ́ síwájú pèpéle náà, kì í já bọ́ lé e lórí. Ẹ kò lè gbé ilé sókè mọ́, ẹ gbẹ́ àgbàlá lọ sísàlẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 30 sí ilẹ̀ pálọ̀, kó máa dagun ní sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó gbẹ́, ẹ wo ibi tí ìpìlẹ̀ jìn dé. Gọ́tà onírin olójú wẹ́wẹ́ ní ẹsẹ̀ pèpéle, kòtò kékeré 60 sí 60 tó ń gba ewé kó tó wọ páìpù, lẹ́yìn náà kó jáde sí gọ́tà òde. Ẹ má so ó mọ́ sòkáwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí ẹ kò bá fẹ́ kí nǹkan mìíràn wọ pálọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí etí òrùlé kò bá yọ kọjá pèpéle tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi gọ́tà páànù mọ́ ọn. Àwọn hanok tí wọ́n kọ́ ní Bukchon, ní Seoul, ní àwọn ọdún 1930, náà ń lo gọ́tà páànù, torí àyè há mọ́ wọn.

Mo fẹ́ ilẹ̀kùn oníwèé wọn, èyí tí wọ́n ń ká tí wọ́n sì ń gbé kọ́ sókè. — Aláṣọ Òkè, Gáà-Akanbí

Hanji ni ìwé yẹn, èèpo igi dak ni wọ́n fi ń ṣe é. Inú yàrá ni àwọn ará Kòríà ń lẹ̀ ẹ́ sí, kí igi wẹ́wẹ́ ara ilẹ̀kùn lè hàn síta; àwọn ará Japan ló ń lẹ̀ ẹ́ síta. Òjò wa tó ń fi atẹ́gùn rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kò ní jẹ́ kó lo oṣù kan, ìka ọmọdé á sì parí ìyókù. Ẹ fi ìwé sí ilẹ̀kùn inú ilé nìkan. Fún ti ìta, ẹ fi gíláàsì aláìríran mìlímítà 4 sẹ́yìn igi wẹ́wẹ́ náà, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní férémù tirẹ̀ tó ṣeé yọ fọ̀.

Gbígbé kọ́ sókè yẹn ni a kò fọwọ́ sí. Férémù ìrókò fún ilẹ̀kùn sẹ̀ǹtímítà 90 sí mítà 2.1 á tó kílò 16, igi wẹ́wẹ́ á tó 6, gíláàsì á tó 13. Kílò 35 nìyẹn, ẹ ká méjì pọ̀, 70, lórí ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Ti Kòríà fúyẹ́ torí igi páìnì àti ìwé ni. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn yín ká lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí réèlì. Atẹ́gùn kò mọ ìyàtọ̀. Bí ọkàn yín kò bá tíì kúrò níbẹ̀, ẹ fi arère ṣe ti inú ilé, láìsí gíláàsì, kí ìkọ́ rẹ̀ gba inú bíìmù kọjá pẹ̀lú bóòtù. Síílìn PVC kò lè gbé e.

Ẹni tó ń ta páànù ní òun lè tẹ etí òrùlé mi sókè bíi ti Kòríà. Ṣé kí n gbà? Àwọ̀ wo ni kí n sì kùn ún? — Àlàájì, Àjàṣẹ́-Ìpo

Àlàájì, ẹ má gbà. Igi igun òrùlé àti bí wọ́n ṣe to igi yòókù tẹ̀ lé e ló ń mú kí òrùlé hanok tẹ̀. Páànù tí wọ́n bá tẹ̀ sókè ní etí di àwo. Omi á dúró síbẹ̀, á padà sẹ́yìn wá gba ojú ìṣó wọlé. Giwa gidi, akọ àti abo ni: abo tẹ́nu sókè láti gba omi, akọ dojú bo àárín abo méjì. Orí erùpẹ̀ ni wọ́n ń tò wọ́n sí, wọ́n sì wúwo ju ohun tí igi 2 sí 4 lè gbé lọ. Páànù oníyanrìn aláwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn, tàbí alùmíníọ́ọ̀mù mìlímítà 0.55, á ṣe é. Kí òrùlé dagun ní dígírì 22 sí 25, kí ó lójú méjì gbọọrọ. Wọ́n ní irú rẹ̀ náà ní Kòríà, matbae ni wọ́n ń pè é.

Owó tí ẹ fẹ́ ná lórí títẹ̀, ẹ ná an lórí ìdè. Etí òrùlé tó yọ ní mítà 1.2 ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa kọ́kọ́ dìmú. Igi tó gbé etí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 2 sí 6, kí èyí tó wà nínú gùn tó ìlọ́po méjì èyí tó yọ síta. Kí wọ́n fi bóòtù mìlímítà 12 tí wọ́n dà mọ́ kọnkéré di igi orí ògiri mú ní gbogbo mítà 1.2, kí irin pẹlẹbẹ sì so igi òrùlé mọ́ ọn. Ìṣó nìkan kò tó. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ ṣe párápẹ́ẹ̀tì torí òun ló lòde báyìí, ẹ bi í pé níbo ni òjìji máa ti wá.

Ní ti àwọ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí ẹ ń rí nínú fíìmù, dancheong ni wọ́n ń pè é. Ààfin ọba àti tẹ́ńpìlì ló ni ín láyé Joseon, ìjọba àwọn ọba Kòríà àtijọ́. Ilé èèyàn lásán, igi bó ṣe rí, amọ̀ àti ẹfun. Ẹ kùn ún ní òróró igi, kó máa dán díẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní òun kò lè gbé ilé tí ẹni tó bá ṣí géètì á ti máa rí àwọn obìnrin nínú àgbàlá. — Ìyàwó Ilé, Òkè-Erin

Ẹ bá wa kí màmá, ẹ sọ fún wọn pé àwọn àgbà Kòríà wà lẹ́yìn wọn. Nínú ilé àwọn ọlọ́lá, sarangchae ni bàbá ti ń gbàlejò, anchae tó wà nínú lọ́hùn-ún sì jẹ́ ti àwọn obìnrin. Kí ojú má bàa tààrà láti géètì, wọ́n máa ń mọ ògiri kékeré kan dúró síwájú ibẹ̀, naeoedam.

Fún tiyín, búlọ́ọ̀kù ínṣì 6, gíga mítà 1.7, gígùn rẹ̀ kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 50 kọjá fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ni kó ní, kí wọ́n má fi ara rẹ̀ mọ́ fẹ́ńsì, torí bí ọ̀kan bá rì, èkejì á sán. Ẹ dé orí rẹ̀ pẹ̀lú páànù tàbí táìsì kí òjò má bàa jẹ ẹ́. Kí ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ní mítà 1.5, fíríìjì gbọ́dọ̀ lè gba ibẹ̀ yípo.